Láti Ìjẹ̀bú dé erékùṣù Gorée: bí èèyàn ṣe lè dá lọ láì ná gbogbo owó ọwọ́ ẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ alárè, ẹ̀yin ará Rẹ́mọ náà, ẹ kú ojúmọ́ o. Àwọn tó ń bi mí léèrè nípa Gorée ti pọ̀, ìbéèrè kan náà sì ni gbogbo wọn ń bi: èló ló máa ná mi, ṣé èèyàn lè dá lọ, ṣé kì í ṣe àwọn òyìnbó àtàwọn ará Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ṣe ibẹ̀ fún. Mo kúkú jókòó kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan, bó ṣe máa tẹ̀ léra wọn látìgbà tí ẹ bá ti wà nílé ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù títí tí ẹ fi máa padà.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, Gorée ni erékùṣù tó wà níwájú Dakar, olú-ìlú Sẹ̀nẹ̀gàl. Kékeré ni gan-an, gígùn ẹ̀ ò tó kìlómítà kan, mọ́tò ò sí níbẹ̀, ọkadà ò sí, kẹ̀kẹ́ Márúwá ò sí, ẹsẹ̀ yín lọkọ̀ yín. Ìlú olódi ni látijọ́. Àwọn Potogí ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1444, àwọn Dutch wá tẹ̀ lé wọn, wọ́n kọ́ odi méjì, wọ́n pe ti ìsàlẹ̀ ní Nassau, wọ́n pe ti orí òkè ní Orange. Nígbà tó di 1677 àwọn Faransé gbà á lọ́wọ́ wọn, Gẹ̀ẹ́sì á wá gbà á, Faransé á tún gbà á padà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń já a gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí di 1817 tó fi dúró sọ́wọ́ Faransé. 1978 ni UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé.

Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ fi èyí sọ́kàn: owó Gorée ò sí ní Gorée. Bàálù ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù lọ, Dakar á wá gbé nínú ìyókù, erékùṣù gan-an ò gbà ju owó bóòtì, owó mùsíọ́mù àti owó ẹja lọ. Torí náà bàálù àti Dakar ni ká ti ṣọ́ owó, tá a bá ti ṣọ́ ọ níbẹ̀, á ṣẹ́ kù tá a fi máa sun alẹ́ kan lórí erékùṣù yẹn. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í sùn níbẹ̀ o, wọ́n á dé láàárọ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ti padà ní ìrọ̀lẹ́, èmi sì gbà pé wọ́n fi èyí tó dùn jù sílẹ̀.

Ìwé ló kọ́kọ́

Ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà láti wọ Sẹ̀nẹ̀gàl, àdéhùn ECOWAS ló fún wa ní 90 ọjọ́, pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé yìí náà ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé èyí tó kù díẹ̀ kó kú lọ o, kó ṣì ku oṣù mẹ́fà nídìí ẹ̀ ó kéré tán, torí àwọn tó ń yẹ ìwé wò nídìí bàálù gan-an máa ń le lórí ìyẹn ju àwọn aṣọ́bodè lọ.

Ó wá kan yẹ́lò kádì. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni, ẹ gbà á lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ má ra ti ọjà, torí àwọn kan wà tí wọ́n á ní àwọn á bá yín kọ káàdì láì gún yín lábẹ́rẹ́, ẹ sá fún wọn jàre. Abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ ti lo ọjọ́ mẹ́wàá lára kí káàdì náà tó múlẹ̀, kì í ṣe ohun tá à ń sáré ṣe nígbà tí ìrìn-àjò bá ku ọ̀la. Láti 2016 ni wọ́n ti ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ayé èèyàn, ẹni tó bá ti gbà á nígbà tó lọ Mẹ́kà tàbí Gánà, kó lọ wá káàdì ẹ̀ jáde nínú àpótí.

Ẹ tún tẹ ìwé méjì jáde sórí pépà, má sọ pé ó wà nínú fóònù: tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ àti ìwé ibi tí ẹ máa sùn ní alẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń dá rìn ni wọ́n máa ń bi ní ìbéèrè jù, pàápàá ọ̀dọ́, ẹni tó bá sì nawọ́ ìwé jáde wẹ́rẹ́, ìbéèrè á tán.

Ìgbà wo ló dáa

Òjò wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní bíi oṣù Keje, ó ń lọ dé oṣù Kẹwàá, ooru ìgbà yẹn máa ń muni. Látoṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹta ni ara máa ń tuni, ṣùgbọ́n àlejò ń pọ̀ lásìkò yẹn, owó bàálù náà sì ń gòkè, pàápàá ní Kérésì. Èmi máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n gbìyànjú oṣù Kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta. Ẹ mú súwẹ́tà dání o, afẹ́fẹ́ inú òkun yẹn kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú, lóru á dà bíi pé ẹnì kan ṣí fíríjì sí yín lára.

Ẹ má lọ ní Iléyá. Ìdí méjì ni. Tabaski ni wọ́n ń pe Iléyá níbẹ̀, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Sẹ̀nẹ̀gàl, gbogbo èèyàn á lọ sílé àwọn òbí wọn, ṣọ́ọ̀bù á tì, owó ọkọ̀ á lọ sókè. Ìdí kejì ò nílò àlàyé fún ọmọ Ìjẹ̀bú, ta ló máa fi Ojúde Ọba sílẹ̀ láti lọ wo erékùṣù?

Bàálù, àti bí ẹ ṣe máa dé ìdí ẹ̀

Ọ̀nà ilẹ̀ wà lóòótọ́, láti Sẹ̀mẹ̀ gba Kútọnu, Lomé, Àkrá, Abidjan, kéèyàn tó wá máa gbìyànjú àti dé Dakar. Mi ò ní kí ẹni tó lọ́jọ́ lọ́wọ́ má gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tó rò pé òun fẹ́ ṣọ́ owó, kó má tan ara ẹ̀ jẹ. Bí ẹ bá ro owó ọkọ̀, owó ibùsùn lójú ọ̀nà, owó oúnjẹ àti ti àwọn tó ń nawọ́ ní bodè kọ̀ọ̀kan pọ̀, ó lè má dínwó sí bàálù rárá. Ọ̀nà tó gba Mali kọjá ní tiẹ̀, ẹ má tiẹ̀ dábàá ẹ̀, ọ̀rọ̀ ààbò ibẹ̀ ò dáa.

Nípa bàálù, ẹ wo èyí tó lọ tààrà, ẹ tún wo èyí tó dúró lọ́nà, ASKY máa ń gba Lomé, Air Côte d'Ivoire máa ń gba Abidjan, ẹ fi owó wọn wéra. Èyí tó dúró lọ́nà máa ń dínwó nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ wo wákàtí tó máa fi dúró, torí ẹni tó bá jókòó wákàtí mẹ́sàn-án sí ẹ́pọ́ọ̀tù á jẹun níbẹ̀, oúnjẹ ẹ́pọ́ọ̀tù sì lè jẹ gbogbo owó tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti ṣọ́. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ní oṣù kan àbọ̀ tàbí méjì ṣáájú, kí ẹ yan àárín ọ̀sẹ̀. Kí ẹ sì wo aago tó máa balẹ̀! Bàálù tó bá balẹ̀ lóru á jẹ́ kí ẹ san owó tákísí gọbọi, torí ẹ́pọ́ọ̀tù wọn jìnnà sí ìlú, màá sọ̀rọ̀ ẹ̀ níwájú.

Láti Ìjẹ̀bú sí Ìkẹjà, ẹ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ Berger, ẹ wá wọ èyí tó kù láti ibẹ̀. Bí bàálù bá jẹ́ ti àárọ̀, ẹ lọ sùn sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ní Èkó lálẹ́ tó ṣáájú, kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí ò ní bùrọ̀dá tàbí àǹtí kan ní Kétu tàbí Ọ̀jọ́tà. Ẹ tún wo kàlẹ́ńdà, bó bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù, àwọn èèyàn ń rọ́ lọ sí Kámpù Rìdíìmù lọ́jọ́ yẹn, ọ̀nà Mowé sí Ìbàfò lè dì pa, ẹ tètè jáde nílé tàbí kí ẹ gba Ìkòròdú.

Owó

Sẹ́fà ni wọ́n ń ná, irú sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní Kútọnu àti Lomé náà ni. Ẹ ṣọ́ra o, sẹ́fà méjì ló wà, ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ọ̀tọ̀, ti Kamẹrúùnù àti Gàbọ́n ọ̀tọ̀, ti Kamẹrúùnù yẹn, ọlọ́jà Dakar ò ní gbà á lọ́wọ́ yín, torí náà bí ẹ bá ń ṣẹ́ owó lọ́dọ̀ àwọn mọ̀lá, ẹ yẹ owó wò dáadáa kí ẹ tó kúrò níwájú wọn. Náírà ò wúlò níbẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ìwọ̀nba sẹ́fà tí ẹ máa ná lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, kí ẹ mú ìyókù ní yúrò. Yúrò ló dáa jù, dọ́là náà dáa, ṣùgbọ́n wọ́n ti so sẹ́fà mọ́ yúrò, 1 yúrò jẹ́ 655.957 sẹ́fà, ibi tẹ́ ẹ bá lọ kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn rẹ́ yín jẹ.

Káàdì báńkì wa, ẹ kọ́kọ́ bi báńkì yín bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun àti èló lẹ lè fà lóṣù, kí ẹ má gbára lé e nìkan. Ẹ pín owó sí ọ̀nà mẹ́ta, díẹ̀ lápò, díẹ̀ nínú báàgì, èyí tó pọ̀ nínú nǹkan tí ẹ dè mọ́ ìbàdí lábẹ́ aṣọ. Bàbá mi máa ń ní ọmọ Ìjẹ̀bú tó kó gbogbo owó ẹ̀ síbì kan, àfi kí wọ́n tún ìdílé ẹ̀ wò.

Ohun tí ẹ máa dì

Báàgì kan ṣoṣo, èyí tẹ́ ẹ lè gbé wọnú bàálù, kí ẹ má san owó ẹrù. Ṣáájà wa olórí onígun mẹ́rin yẹn ò wọ ògiri wọn, ihò roboto méjì ni tiwọn, ẹ ra adáputà nílé, ó wọ́n níbẹ̀. Bàtà tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, torí òkúta ni ojú ọ̀nà Gorée. Fìlà. Omi ìpara oòrùn bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí oòrùn tètè ń bà lára.

Gààrí Ìjẹ̀bú ńkọ́? Ẹ mú un! Kóńgò méjì tó ti gbẹ dáadáa nínú ọ̀rá méjì tí ẹ dì pa, ẹ̀pà sísun, ṣúgà díẹ̀. Kì í ṣe àwàdà lásán, àárọ̀ kan tí ẹ bá mu gààrí dípò kí ẹ lọ jókòó sí káfé Faransé ní Plateau, àárín ìlú Dakar, owó oúnjẹ alẹ́ yín ti jáde nìyẹn. Kíkan gààrí wa yẹn náà tún máa ń bá ooru jà.

Ẹ gbé Faransé wọ inú fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, èyí tó ń túmọ̀ láìsí dátà, kẹ́ ẹ gbé máàpù Dakar náà sínú ẹ̀. Aago wọn fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa.

Ẹ ti dé Dakar

Ẹ́pọ́ọ̀tù wọn ń jẹ́ Blaise Diagne, ní Diass ló wà, ó tó nǹkan bí 50 kìlómítà sí Dakar. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ ọ́ yẹn, Gorée gan-an ni wọ́n bí i sí ní 1872, òun ni ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Faransé, 1914 nìyẹn. Ẹ ti ń pàdé ìtàn Gorée látìgbà tí táyà bàálù ti kanlẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ìjọba tí wọ́n ń pè ní Dem Dikk máa ń ti ẹ́pọ́ọ̀tù lọ sí ìlú, ó dínwó gan-an sí tákísí. Bí ó bá jẹ́ pé tákísí ni dandan, ẹ wá ẹlòmíì tó ń lọ ọ̀nà kan náà kẹ́ ẹ jọ pín in. Láàárín ìlú, tákísí dúdú àti yẹ́lò ò ní mítà, ẹ dúnàá dúrà kẹ́ ẹ tó jókòó, iye tó bá kọ́kọ́ dá, ẹ bu ìlàjì, kẹ́ ẹ wá pàdé láàárín. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ná ọjà ní Òkè-Àjẹ láti kékeré, ṣé èmi ló máa kọ́ yín? Èdè nìkan ni ìṣòro, Wolof ni wọ́n ń sọ jù. Ñaata la ni èló ni. Dafa seer ni ó ti wọ́n jù. Jërëjëf ni ẹ ṣé. Kí ẹ tó sọ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ kí wọn ní sàlámù, èèyàn tó bá já lu ọ̀rọ̀ owó láì kíni, bí wọ́n ṣe máa wò ó nílé wa ni wọ́n ṣe máa wò ó níbẹ̀.

Ẹ ra síìmù kékeré ní ilé iṣẹ́ wọn gan-an, ẹ mú pásípọ́ọ̀tù dání. Ará Dakar ń fi fóònù sanwó fún nǹkan tó pọ̀, ṣùgbọ́n àlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀, kẹ́ṣì ló rọrùn, kí ó jẹ́ owó wẹ́wẹ́, ṣéńjì máa ń ṣòro wọn bíi tiwa.

Ibùsùn ní Dakar: Plateau ló súnmọ́ bóòtì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló wọ́n jù. Yoff, Ngor àti Ouakam ni àwọn hósítẹ̀ẹ́lì olówó pọ́ọ́kú pọ̀ sí, níbi tí èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà ti ń pín yàrá. Ẹni tó ń dá rìn, mo fara mọ́ irú ibẹ̀ fún un, torí ibẹ̀ lẹ ti máa rí ẹni tí ẹ jọ máa pín owó tákísí, tí á sì sọ ohun tó ń lọ fún yín. Ọkọ̀ ojú irin tuntun wọn tí wọ́n ń pè ní TER tún wà, ó ń ti Diamniadio gba Rufisque àti Pikine lọ sí ìdíkọ̀ àtijọ́ ní Plateau, ìdíkọ̀ yẹn ò sì jìnnà sí ibi bóòtì, ẹni tó bá ní ojúlùmọ̀ lọ́nà Rufisque lè sùn síbẹ̀ kó máa fi ojú irin wọlé.

Bóòtì

Ibi tí wọ́n ti ń wọ bóòtì wà ní èbúté ọkọ̀ ní Plateau. Kì í ṣe bóòtì onígi bíi ti Ẹ̀pẹ́ tàbí Èjìnrìn o, ọkọ̀ ńlá tó ń kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ni, ogún ìṣẹ́jú péré ló fi ń dé. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù dání, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á yẹ báàgì náà wò.

Nídìí wíńdò tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti la ojú. Iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn ò dọ́gba: àlejò láti òkè òkun ń san ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún sẹ́fà lọ ní àlọ àti àbọ̀, ọmọ Áfíríkà ń san nǹkan bí ìlàjì ẹ̀, ará Sẹ̀nẹ̀gàl ń san èyí tó kéré sí ìyẹn. Iye yẹn lè yí padà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ara ògiri. Ẹ gbé pásípọ́ọ̀tù yẹn sókè kí wọ́n rí i kí wọ́n tó tẹ tíkẹ́ẹ̀tì, torí bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, àlàyé á gùn. Ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì náà, òun lẹ fi máa padà, ẹ sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé ẹ fẹ́ sùn, kẹ́ ẹ bèèrè bóyá ó ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé, mùsíọ́mù máa ń tì. Sátidé àti Sọ́ńdè, gbogbo ọmọ Dakar ló ń lọ wẹ̀ ní etíkun kékeré ibẹ̀, ariwo á pọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀ ló dáa. Bóòtì òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ dé kí àwọn ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò tó dé.

Lórí erékùṣù

Bí ẹ bá ti sọ̀, àwọn kan á yí yín ká. Àwọn kan jẹ́ atọ́nà tí wọ́n ní káàdì lọ́rùn, àwọn kan ò ní, àwọn ìyá tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ náà wà níbẹ̀, wọ́n á bi yín lórúkọ, wọ́n á ní ẹ ṣèlérí pé ẹ máa wá wo ọjà àwọn. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sọ pé ba beneen yoon, ìyẹn ni pé ó dìgbà mìíràn, ẹ máa lọ. Ẹ má ṣèlérí fún wọn bí ẹ ò bá ní rà, torí erékùṣù kékeré ni, ẹ máa tún pàdé wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kílẹ̀ tó ṣú. Owó orí kékeré kan wà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò nítòsí èbúté, ẹ san án, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì.

Atọ́nà ńkọ́? Ẹni tó bá gbọ́ Faransé tàbí tó ti kàwé nípa ibẹ̀ lè má gbà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa gbà á, ẹ bá àwọn arìnrìn-àjò méjì mẹ́ta míì tó wà nínú bóòtì sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ pín owó ẹ̀, ẹ sọ iye àti wákàtí pátá kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gba apá àríwá lọ sí odi d'Estrées, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi í sílẹ̀ títí bóòtì á fi fẹ́ lọ. Odi roboto ni, wọ́n kọ́ ọ láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n fi orúkọ ọ̀gá ológun ojú omi tó gba erékùṣù lọ́wọ́ àwọn Dutch ní 1677 sọ ọ́. Ó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n rí, báyìí ó ti di mùsíọ́mù ìtàn Sẹ̀nẹ̀gàl, yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn láti ayé àtijọ́ pátápátá dé ìgbà òmìnira. Ẹ gun òkè ẹ̀ kẹ́ ẹ wo òkun, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ìdí tí gbogbo wọn fi ń jà lórí ilẹ̀ kékeré yìí: ọkọ̀ kò lè wọ èbúté yẹn láì gba iwájú ìbọn kọjá.

Lẹ́yìn náà, Maison des Esclaves, Ilé Ẹrú. Màá dúró díẹ̀ lórí èyí. Ilé aláwọ̀ pupa rúsúrúsú ni, wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan bí 1776, yàrá òkùnkùn nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn méjì tó rọ̀gbà, ẹnu ọ̀nà kan tó kọjú sí òkun. Boubacar Joseph Ndiaye ló tọ́jú ẹ̀ láti àwọn ọdún 1960 títí tó fi kú ní 2009, òun ló sọ ìtàn ẹnu ọ̀nà yẹn di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ láì tún padà mọ́. Mandela ti lọ síbẹ̀, Póòpù John Paul Kejì lọ ní 1992, Obama lọ ní 2013. Àwọn onímọ̀ ìtàn ń jiyàn o, wọ́n ní ilé signare ọlọ́rọ̀ kan ni, àwọn signare yìí sì ni obìnrin tí wọ́n ń ṣòwò ńláńlá, tí bàbá ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ òyìnbó tí ìyá wọn jẹ́ ọmọ ilẹ̀, àti pé ibi tí ẹnu ọ̀nà yẹn kọjú sí, òkúta ni, ọkọ̀ ò lè súnmọ́ ọn, ẹrú tó ti Gorée lọ ò sì pọ̀ tó ti àwọn èbúté míì. Ní tèmi, ẹ wọlé, ẹ tẹ́tí, ẹ má bá atọ́nà jiyàn níbẹ̀. Àwọn èèyàn tí wọ́n wá láti Amẹ́ríkà àti Bràsíì máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn sunkún, kò sí ìwé ìtàn tó ní kí wọ́n má sun ún.

Ṣùgbọ́n kí ọmọ Yorùbá má dúró níbẹ̀ kó rò pé ibẹ̀ làwọn èèyàn òun gbà lọ. Tiwa, Wídà, Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì àti Èkó ni wọ́n gbà jáde jù. Àwa Ìjẹ̀bú náà sì wà nínú òwò yẹn, ojú ọ̀sà wa ni wọ́n ti ń kó èèyàn gba omi lọ, a ò lè fi ojú ẹni tí wọ́n tà nìkan wo ọ̀rọ̀ náà. Mo ń sọ ọ́ kẹ́ni tó bá délé lọ wo Àgbádárìgì náà, owó bọ́ọ̀sì lásán ló ń gbà.

Tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ máa rìn láàárín àdúgbò, ojú pópó tóóró, ògiri pupa àti yẹ́lò, òdòdó tó ń ṣàn sílẹ̀ látorí ògiri. Ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Charles wà níbẹ̀, mọ́ṣáláṣí òkúta wà létí òkun. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin tí wọ́n fi Mariama Bâ, òǹkọ̀wé ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl, sọ lórúkọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má ya fọ́tò àwọn ọmọ ilé ìwé.

Ẹ fi Castel sí ìrọ̀lẹ́. Òkè tó wà ní ìhà gúúsù ni, ibi tí odi Orange wà látijọ́, gígun ẹ̀ ò ṣòro. Ìbọn ńláńlá tí àwọn Faransé gbé síbẹ̀ ti dípẹtà, abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ fún ọmọ ogun ti di ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà, wọ́n ń fi yanrìn oríṣiríṣi àwọ̀ ya àwòrán lórí pákó. Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é kẹ́ ẹ tó béèrè owó. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá dúró síwájú ìbọn yẹn, ogun Ìmagbọ̀n tí Gẹ̀ẹ́sì bá wa jà ní 1892 ló máa wá sí i lọ́kàn, ìbọn Maxim àti ohun tó ṣe fún wa. Kí n sì sọ òótọ́, odi Gorée ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Eredo Súńgbọ́ tiwa, tó tó nǹkan bí 160 kìlómítà yíká, tí jíjìn ẹ̀ tó 20 mítà níbòmíràn. Àmọ́ wọ́n tọ́jú tiwọn, wọ́n ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, igbó ló bo tiwa, àwọn kan tún ń wa yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ kọ́lé. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀, inú á kàn máa bí wa ni.

Oúnjẹ àti oorun

Ilé oúnjẹ tó wà níwájú èbúté gan-an, ti àlejò ni. Ẹ wọ inú, ẹ wá ibi tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń jẹun, ẹ béèrè ceebu jën, ìrẹsì àti ẹja, òun ni UNESCO fi kún àjogúnbá gbogbo ayé ní 2021. (Ẹ má bá wọn jiyàn lórí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù o, àwọn ló ni orúkọ yẹn.) Bissap wọn ni sóbò wa. Ní Dakar, àwọn ìyá máa ń dín àkàrà lójú títì ní ìrọ̀lẹ́, àkàrà náà ni wọ́n ń pè é, ó kéré sí tiwa, ọbẹ̀ ata ni wọ́n ń dà sí i. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà láàárọ̀ tún wà, wọ́n ń pè é ní ndambé, ó ń dá ebi dúró títí ọ̀sán. Ẹ ra omi ní Dakar gbé lọ, gbogbo ohun tó wà ní Gorée, bóòtì ló gbé e wá, owó bóòtì sì wà nínú ẹ̀.

Ẹ ti gba yàrá sílẹ̀ ṣáájú, torí kò pọ̀. Àwọn ilé kan ń fi yàrá gba àlejò, yàrá inú ilé ẹbí máa ń dínwó sí ti hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ pè wọ́n, ẹ sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ni yín, ẹ bèèrè bóyá oúnjẹ àárọ̀ wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn tí bóòtì ìrọ̀lẹ́ bá ti kó àwọn àlejò lọ, àwọn ọmọdé á gba pápá iwájú èbúté, wọ́n á máa gbá bọ́ọ̀lù, àwọn àgbà á gbé àga síta, àwọn tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ láàárọ̀ á di aládùúgbò yín, ẹ máa rí i pé ìlú ni, kì í ṣe mùsíọ́mù.

Ẹni tó ń dá rìn

Gorée gan-an kò léwu. Dakar ni kí ẹ ṣọ́ àpò yín, pàápàá ní Sandaga àti àwọn òpópónà Plateau, irú ojú tẹ́ ẹ fi ń rìn ní Òṣòdì ni kẹ́ ẹ fi rìn. Ẹni tó bá fún yín ní ẹ̀bùn ọ̀fẹ́, tó ní ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ dá ẹ̀bùn ẹ̀ padà, owó ló máa béèrè. Ẹ fi ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù sí fóònù, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sílé, ẹ yan ẹnì kan nílé tí ẹ máa fi mẹ́sèèjì ránṣẹ́ sí ní alaalẹ́. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ lè dá lọ, ọ̀pọ̀ ń dá lọ, àwọn ọkùnrin kan á kàn máa béèrè bóyá ẹ ti lọ́kọ, ẹ sọ pé ẹ ti lọ́kọ, ẹ tẹ̀ síwájú. Etíkun náà, ẹ wẹ̀ níbi tí àwọn yòókù ti ń wẹ̀, ẹ má wẹ̀ níbi òkúta, omi yẹn lágbára.

Ìpadàbọ̀

Ọjọ́ tí bàálù yín bá máa gbéra, ẹ má tún wà lórí erékùṣù. Ẹ padà sí Dakar lọ́jọ́ tó ṣáájú, torí bóòtì lè pẹ́, ọ̀nà Diass náà lè dì. Ẹ yọ owó bọ́ọ̀sì ẹ́pọ́ọ̀tù sọ́tọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ wé e sínú pásípọ́ọ̀tù. Bí sẹ́fà bá ṣẹ́ kù, ẹ má ṣẹ́ ẹ padà sí náírà ní ẹ́pọ́ọ̀tù, ẹ gbé e wálé, ẹ tọ́jú ẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ ra nǹkan ní Kútọnu, ẹ máa ná an.